Ohun Tí Iṣẹ́ Ń Fún Ni Yàtọ̀ sí Owó

Ẹni tó bá ń gba iwájú àgbẹ̀dẹ kọjá á ké sí àwọn tó wà nídìí ẹwìrì pé, "Àrọ̀yè o!" Tó bá bá àgbẹ̀ lóko, "Àroko bọ́dún dé o" ni. "Ojú gbooro o" ni ti onídìrí, "Àrìnpa o" ni ti ọdẹ, "Àrẹdú o" ni ti aláró, ẹni tó pàtẹ ọjà sì ń gbọ́ "Ajé á wọgbá o" títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìkíni lásán ni lójú ẹni tó ń kí àti ẹni tí wọ́n ń kí. Bẹ́ẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀, àìmọye èèyàn ti kọjá tí wọ́n ti fi yé alágbẹ̀dẹ pé àwọn rí i nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ìlú sì mọ ohun tó ń ṣe fún un.

Ohun tí èèyàn mọ̀ nípa ara rẹ̀, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ló ti ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú àwọn ìdílé kan, iṣẹ́ ti wà nínú orúkọ kí ọmọ tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì: Àyánwálé lọ́dọ̀ onílù, Ọdẹ́túndé lọ́dọ̀ ọdẹ, Ọ̀jẹ́wùmí lọ́dọ̀ eléégún. Àwọn tí iṣẹ́ ò sí lórúkọ wọn, àdúgbò á fún wọn ní tiwọn: Ìyá Alákàrà, Bàbá Kápẹ́ńtà, Tíṣà, Nọ́ọ̀sì. Ẹlòmíràn á gbé àdúgbò kan fún ọgbọ̀n ọdún tí ará ilé kejì ò ní mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù ló fi bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn jù. Ọmọṣẹ́ tó ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tó ń lọ ra oúnjẹ fún ọ̀gá, tí wọ́n ń bá wí lójú oníbàárà, á kúnlẹ̀ kí ọ̀gá gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n á ya fọ́tò. Iṣẹ́ tó mọ̀ lánàá náà ló mọ̀ lónìí, ó sì lè máà rí oníbàárà kan ṣoṣo lọ́la. Àmọ́ láti ọjọ́ náà lọ, àwọn èèyàn á máa pe òun náà ní ọ̀gá. Ìjókòó rẹ̀ á yí padà, ohùn rẹ̀ á yí padà. Owó ò tíì dé rárá, iṣẹ́ ti ń ṣe nǹkan lára rẹ̀.

Kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an? Ó ṣòro láti rí i lára ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró lójijì ló ti ń hàn, kò sì sí ibi tí wọ́n ti wò ó fínnífínní bíi Marienthal, abúlé òṣìṣẹ́ kan lórílẹ̀-èdè Ọ́sítríà, tí kò jìnnà sí Vienna. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1830 ni gbogbo abúlé náà gbára lé. Láàárín 1929 sí 1930, wọ́n tì í ní apá kan tẹ̀ lé òmíràn títí gbogbo rẹ̀ fi kógbá sílé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Lápá ìparí 1931, àwọn olùwádìí láti Vienna wọ ibẹ̀. Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld àti Hans Zeisel wà lára wọn. Wọ́n ti pinnu pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ò ní lọ wo ìyà ará abúlé bí ẹni ń wo eré: wọ́n pín aṣọ, wọ́n mú dókítà wá, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin ní aṣọ rírán, inú iṣẹ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tó ṣeé kà, wọ́n kà á.

Èèyàn á rò pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á kúkú ráyè kàwé. Ilé ìkàwé òṣìṣẹ́ wà ní Marienthal, ìwé dáadáa sì wà níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ yọ owó tí wọ́n ń gbà lórí ìwé yíyá kúrò. Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n ń yá dín kù ní nǹkan bí ìdajì láàárín 1929 sí 1931. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn fà sẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Àwọn olùwádìí dúró sí ojú fèrèsé, wọ́n ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń rìn lójú pópó, wọ́n rí i pé ìrìn àwọn obìnrin yá ju tàwọn ọkùnrin lọ. Àwọn ọkùnrin ń rìn, wọ́n ń dúró, wọ́n tún ń rìn díẹ̀, wọ́n tún ń dúró. Ọ̀pọ̀ wọn ò wọ aago mọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n rántí ò ju pé wọ́n jí, wọ́n jẹun ọ̀sán, wọ́n sùn. Ohun tó wà láàárín, wọn ò rí i sọ. Àyè tí wọ́n ti ń wá tẹ́lẹ̀ dé tán, ó wá dà bíi pé ó ń gbé wọn mì.

Kí ló dé tí ìrìn àwọn obìnrin kò fi fà? Àwọn náà ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ yẹn, owó wọn náà ti bọ́. Àmọ́ iná kò dúró de ẹnikẹ́ni: oúnjẹ wà láti sè, aṣọ tó ya wà láti lẹ̀, ọmọ wà láti wẹ̀. Ọjọ́ wọn ṣì ní àárọ̀, ó ní ọ̀sán, ó ní alẹ́. Ẹ má sì rò pé ìyẹn tẹ́ wọn lọ́rùn. Nínú wọn làwọn kan wà tó ní inú àwọn á dùn láti padà sídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, kì í ṣe nítorí owó nìkan. Àárín ògiri mẹ́rin ti sú wọn, àárò àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń sọ wọ́n.

Wọ́n fi Jahoda sẹ́wọ̀n ní 1936 nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ó sì sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kejì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló to ohun tó rí ní Marienthal pọ̀ di àlàyé kan. Owó ni iṣẹ́ wà fún ní gbangba, ṣùgbọ́n nǹkan márùn-ún míì ń bá owó oṣù wá bí èènì, tí ẹnikẹ́ni ò bu sínú àdéhùn. Iṣẹ́ ń gé ọjọ́ sí wẹ́wẹ́ fúnni. Ó ń mú ká rí èèyàn tí kì í ṣe ará ilé wa. Ó ń so wá mọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lé. Ó ń fún wa ní ipò tí a lè fi dáhùn bí wọ́n bá béèrè irú ẹni tí a jẹ́. Ó sì ń fi dandan mú wa ṣe nǹkan, kódà lọ́jọ́ tí ara ò bá fẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà pé èènì ni, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Abúlé yẹn kan náà ni wọ́n padà sí láti dán ọ̀rọ̀ náà wò láti ìdàkejì. Gramatneusiedl ni orúkọ tí wọ́n ń pe àgbègbè tí Marienthal wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2020, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní agbègbè náà sọ pé gbogbo ẹni tí kò ríṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún kan níbẹ̀ ló máa rí iṣẹ́ gbà, pẹ̀lú owó oṣù tó jọjú, wọn ò sì fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé láti Oxford ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bọ̀. Owó tó ń wọlé fún àwọn tó gba iṣẹ́ náà pọ̀ sí i, ìyẹn ò yani lẹ́nu. Ọjọ́ wọn tún padà létòlétò, wọ́n ń rí èèyàn, ó sì ń ṣe wọ́n bíi pé àwọn wúlò fún ìlú. Ní ti ìlera ara, wọn ò rí ìyàtọ̀. Ohun tí àìríṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ bá ti ṣe sí ẹ̀yìn àti orúnkún, ìwé ìgbanisíṣẹ́ ò lè wò ó sàn.

Tó bá jẹ́ pé èènì márùn-ún yìí nìkan ni, gbogbo ẹni tó níṣẹ́ ni ara rẹ̀ ì bá le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1967 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 17,000 ní Whitehall, nílùú London. Kò sí ẹni tí kò níṣẹ́ nínú wọn, kò sì sí ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo. Síbẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ìránṣẹ́ àti aṣọ́nà, ń kú ikú àìsàn ọkàn ní ohun tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá àgbà lọ. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru dá sí i, àmọ́ wọn ò ṣàlàyé tó ìdajì ìyàtọ̀ náà. Ìwádìí kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1985, tí Michael Marmot ṣe olórí rẹ̀, tó sì kó obìnrin mọ́ ọkùnrin, rí ohun tó ń dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè yẹn: àwọn tí kò ní àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn ni àìsàn ọkàn ń mú jù. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún èèyàn ní gbogbo ìgbà pé kò tó láti ronú, ó ń fún un ní ìdánimọ̀ lóòótọ́, irú èyí tó ń jẹ ni lára ni.

Bí ìdánimọ̀ ṣe ń wọlé nìyẹn. Bó ṣe ń jáde lára ẹni ló sábà máa ń bá àwọn èèyàn lójijì, ìfẹ̀yìntì sì ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà ń fẹ̀yìn tì ní ẹni 60 ọdún, tàbí tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Fún àwọn olùkọ́, òfin 2022 ti sún un sí 65 àti 40. Wọ́n á ṣe sẹ́ńdófù fún un, oúnjẹ á wà, ọ̀rọ̀ ìyìn á wà. Fírídọ́ọ̀mù ní ohun tó kàn: ọmọṣẹ́ di ọ̀gá. Sẹ́ńdófù ò sọ ohun tí ẹni náà yóò dà lọ́la. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kì í sinmi nígbà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà á wò ó títí di ọ̀sán, kò ní dún. Tí owó ìfẹ̀yìntì bá tún pẹ́ kó tó jáde, ọ̀rọ̀ di méjì.

Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Patricia Linville, dá a lábàá ní 1987 pé ẹni tí ipa tó ń kó láyé bá pọ̀, tí wọn ò sì wọnú ara wọn, kì í ṣubú tó ẹni tó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ẹyọ kan. Àwọn tó tún un wò lẹ́yìn rẹ̀ ò rí èsì kan náà nígbà gbogbo. Èèyàn á rò pé Yorùbá ti yanjú èyí tipẹ́, nítorí ta ni ipa rẹ̀ pọ̀ tó tiwa? Ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ́ akọ́wé bánkì, dáwódù nínú ìdílé, Ìyá Ìjọ tàbí Bàbá Àdínì, akápò ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde iléèwé, olóyè ní abúlé ìyá rẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ń dáwó, aṣọ ẹbí ń jáde, dáwódù ló ń fi owó tó pọ̀ jù sílẹ̀ níbi òkú bàbá. Nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́, àwọn ipa náà ò bọ́. Owó tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n ló bọ́. Ìtìjú á wọlé. Ẹni náà á ṣàárẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, ó tún á rìnrìn àjò lọ́jọ́ ìnáwó, nígbà tó bá yá wọn ò ní retí rẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ ní Marienthal náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò ra aṣọ ẹbí.

Ìdàkejì rẹ̀ wà lára àwọn tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá láti oṣù Kejì 2022 tí ìjọba ibẹ̀ ṣí físà fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, kí wọ́n tó tún ti ilẹ̀kùn náà ní 2025. Ẹni tó jẹ́ máníjà ní Ìbàdàn ń pààrọ̀ ìlédìí arúgbó láago mẹ́fà àárọ̀. Owó ń wọlé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, orúkọ ló sọnù. Àmọ́ ní ọjọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn àríyá, olóyè ni, wọ́n ń fi dùndún kì í, òun náà sì ń náwó fún wọn bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn láyé. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ẹ̀tàn ara ẹni. Àmọ́ ipò gidi ni, ibi tó yàtọ̀ sí ibi iṣẹ́ ló kàn wà.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nílé ni ipa tí kò béèrè owó. Ẹ wo ẹgbẹ́ àwọn onílé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó àti Ìbàdàn: ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ló sábà máa ń jẹ́ alága tàbí akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà wà láti bá àwọn oníná yanjú, owó ọdẹ wà láti gbà lọ́wọ́ ẹni tí kì í fẹ́ san, géètì wà tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ pàṣẹ ìgbà tí wọ́n á tì í. Ìpàdé ní ọjọ́, ó ní aago. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, èébú sì pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ kì í rọrùn láti gba ipò náà lọ́wọ́ wọn.