Ta Ni Ẹni Tí Kò Pọ̀ Níye Yóò Ké Sí? Ìtàn Bí Ààbò Ẹ̀yà Kékeré Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Òfin Àgbáyé

Bí o bá bi ìjọba èyíkéyìí léèrè bóyá ó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀yà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò dáhùn. Yóò ṣí ìwé òfin rẹ̀, yóò nawọ́ sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọ ìlú kan kò ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba yìí kan náà ló di èèkù idà mú. Òun ló ni ọlọ́pàá, òun ló ń yan adájọ́, àwọn tó pọ̀ jù níye ló sì ń gbé e dé orí àlééfà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ta wá ni ẹni tí kò pọ̀ níye yóò ké sí nígbà tó bá jẹ́ pé ìjọba rẹ̀ gan-an ló ń jẹ ẹ́ níyà?

Ó lọ́jọ́ tí ayé kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi òfin tó ní alámòójútó dáhùn ìbéèrè yìí, ọjọ́ náà kò sì jìnnà: ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1919.

Ṣáájú ìgbà náà, ojú àánú ọba ni ààbò. Ní 1598, Ọba Henri Kẹrin ti ilẹ̀ Faransé gbé àṣẹ kan jáde ní Nantes, tó fi gba àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì láyè láti máa ṣe ẹ̀sìn wọn láwọn ibì kan láàárín àwọn Kátólíìkì tó yí wọn ká. Ní 1685, ọmọ ọmọ rẹ̀, Louis Kẹrìnlá, fagi lé àṣẹ náà. Wọ́n wó ilé ìjọsìn wọn palẹ̀, àìmọye wọn sì sá lọ sí Netherlands, England àti àwọn ìlú Jámánì. Ohun tí ọba fúnni ni ọba gbà padà, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ ọba lọ bá.

Ní 1878, àwọn alágbára Yúróòpù péjọ ní Berlin láti pín ilẹ̀ tó ń bọ́ lọ́wọ́ Tọ́kì. Rùmáníà fẹ́ kí wọ́n gba òmìnira òun wọlé, wọ́n sì fi abala 44 àdéhùn wọn síwájú rẹ̀: ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn Júù ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣojú fún, torí àjèjì ni òfin Rùmáníà ń pè wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ bí bàbá wọn síbẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí ìjọba náà ta. Ní 1879 ó tún òfin rẹ̀ ṣe pé ẹ̀sìn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n Júù tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ kọ̀wé fúnra rẹ̀, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì dìbò lé orúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí àwọn tó ti jagun fún Rùmáníà, tí wọ́n gbà wọlé pa pọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló rí i gbà títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dé. Àwọn alágbára náà rí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gba Rùmáníà wọlé ní 1880. Wọ́n kọ àdéhùn, wọn ò yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Àṣìṣe yìí wà lọ́kàn àwọn kan nígbà tí wọ́n péjọ sí Paris ní 1919 láti ṣe àdéhùn àlàáfíà lẹ́yìn ogun náà. Pólándì, tí wọ́n ti pa rẹ́ kúrò lórí àwòrán ilẹ̀ láti 1795, ń jíǹde. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta tó ń gbé inú Pólándì tuntun yìí ni kì í ṣe ọmọ Pólándì ní èdè tàbí ẹ̀yà: Yukréènì, Júù, Jámánì àti Bẹ̀lárúùsì. Ìròyìn burúkú sì ti ń dé. Ní oṣù Kọkànlá 1918, wọ́n kọ lu àwọn Júù ní ìlú Lwów. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 1919, ní ìlú Pinsk, àwọn ọmọ ogun Pólándì kó àwọn Júù níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé lórí pínpín nǹkan ìrànwọ́, wọ́n tò wọ́n ti ògiri, wọ́n sì yìnbọn pa 35 nínú wọn. Àwọn aṣíwájú Júù méjì, Lucien Wolf láti Ìlú Ọba àti Louis Marshall láti Amẹ́ríkà, wà ní Paris, wọ́n ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn lórí ọ̀rọ̀ náà. Nínú oṣù Karùn-ún, àwọn alágbára yan ìgbìmọ̀ lórí àwọn orílẹ̀-èdè tuntun. Lọ́jọ́ tí Jámánì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Versailles gan-an ni Pólándì fọwọ́ sí tirẹ̀, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Versailles Kékeré.

Mo fẹ́ ká sún mọ́ ìwé náà díẹ̀, torí kì í ṣe ìlérí gbọ̀ọ̀rọ̀ bíi ti Berlin. Abala 8 ní kí àwọn ẹ̀yà kékeré lè dá ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àánú sílẹ̀ pẹ̀lú owó ara wọn, kí wọ́n sì máa sọ èdè wọn níbẹ̀. Abala 9 ní níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ díẹ̀, kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n fi èdè wọn kọ́ ọmọ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Èyí tó máa ń wú mi lórí jù ni abala 11. Ó sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fipá mú Júù ṣe ohun tó tàpá sí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ológun tí gbogbo ọmọ ìlú ń ṣe kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá fi kún un pé Pólándì kò ní máa ṣètò ìdìbò sí ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó kọ ìyẹn mọ bí ìyà ṣe ń rìn. O lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ìdìbò lórí ìwé, kí o sì fi kàlẹ́ńdà gbà á padà.

Ṣùgbọ́n ọkàn ìwé náà ni abala 12. Níbẹ̀ ni Pólándì ti gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òun nìkan mọ́, pé ó kan gbogbo ayé, pé League of Nations, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ogun náà, ni yóò máa ṣọ́ ọ. Orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú Ìgbìmọ̀ League lè gbé ẹ̀sùn dìde, àríyànjiyàn sì lè dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n ti fi irú ìwé yìí ka Czechoslovakia, Yugoslavia, Rùmáníà, Gíríìsì, Áústríà, Bùlgáríà, Hùngárì àti Tọ́kì mọ́, àwọn bíi Àlbáníà àti Lithuania sì ṣe ìlérí nígbà tí wọ́n ń wọ inú League.

Inú Pólándì kò dùn. Ignacy Paderewski, gbajúgbajà olórin dùùrù tó di olórí ìjọba wọn, bá àwọn alágbára jiyàn, Georges Clemenceau, olórí ìjọba Faransé, sì kọ lẹ́tà gígùn sí i láti ṣàlàyé. Pólándì ní ẹjọ́ tó tọ́. Àwọn tó kọ òfin náà fún un kò kọ ọ́ fún ara wọn. Britain, Faransé àti Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí irú rẹ̀, àní Jámánì tó pàdánù ogun kò fọwọ́ sí i nípa gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, Jàpáánì bẹ̀ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ẹ̀yà sínú ìwé ìpilẹ̀ League. Ìbò 11 nínú 17 gbè é lẹ́yìn, Ààrẹ Woodrow Wilson tó wà lórí àga sì ní kò lọ, torí ohùn kò ṣọ̀kan. Bí àléébù ṣe wọ inú nǹkan náà láti ọjọ́ ìbí nìyẹn. Òfin tí a kọ fún aláìlágbára nìkan, inú ló máa ń bí i sí òfin ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka kan wà ní Geneva fún ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kékeré, Erik Colban ará Norway ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ lórúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò gbọdọ̀ béèrè pé kí wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ líle nínú. Ẹni tí wọ́n dáná sun ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Bí ìwé bá yege, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìjọba tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kó lè fèsì, lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta á yẹ ẹ́ wò ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ̀wé kò sí nínú ẹjọ́ ara rẹ̀. Ìròyìn lásán ni wọ́n ka ìwé rẹ̀ sí. Síbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́, ìwé kò yé dé, nítorí kò sí ibòmíràn.

Àwọn ohun rere jáde níbẹ̀, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé asán ni gbogbo rẹ̀. Ní 1921, League sọ pé erékùṣù Åland tí èdè Swídìn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ yóò wà lábẹ́ Fínlándì, bí Fínlándì bá dáàbò bo èdè àti ilẹ̀ wọn, ètò náà sì ń bẹ títí dòní. Ní 1935, Àlbáníà dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Ó ti ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ aládàáni pa, ti àwọn Gíríìkì tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ní òun kò ṣojúsàájú, torí gbogbo ènìyàn ni òfin náà mú. Àwọn adájọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ìdọ́gba orí ìwé kò tó, ó gbọdọ̀ jẹ́ ìdọ́gba ní òótọ́, ẹ̀yà tí o bá gba ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì bá ẹni tó pọ̀ jù ú lọ dọ́gba mọ́. Ìjọba tó bá ń sọ pé òfin kan náà lòun fi ń mú gbogbo ènìyàn yẹ kó ka ìdájọ́ yìí.

Ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀sùn wọ̀nyí ló fi agbára àti àìlágbára ètò náà hàn jù. Franz Bernheim jẹ́ Júù, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Gleiwitz, ní Upper Silesia lábẹ́ Jámánì. Ní òpin oṣù Kẹrin 1933, wọ́n lé e torí pé ó jẹ́ Júù. Ó sá lọ sí Prague. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n pín Upper Silesia láàárín Jámánì àti Pólándì, àwọn méjèèjì ti ṣe àdéhùn ọlọ́dún 15 ní 1922, tó gba ẹnìkan ṣoṣo láyè láti kọ̀wé tààrà sí Ìgbìmọ̀ League. Jámánì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ torí àwọn ènìyàn tirẹ̀ tó bọ́ sí ìhà Pólándì. Bernheim wá mú àdéhùn náà, ó fi bá Hitler wíjọ́.

Nínú oṣù Karùn-ún, ìwé rẹ̀ dé Geneva. Aṣojú Jámánì kò lè sẹ́. Ó ní bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ tó tako àdéhùn, àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé Bernheim jàre. Jámánì dá àwọn òfin tó ń ta ko Júù dúró ní Upper Silesia. Àwọn agbẹjọ́rò àti dókítà tí wọ́n jẹ́ Júù padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 15 oṣù Keje 1937 tí àdéhùn náà parí, wọ́n sì da gbogbo òfin ọ̀hún lé wọn lórí. Ní gbogbo ọdún mẹ́rin yẹn, bí ìdajì mílíọ̀nù Júù tó wà káàkiri ìyókù Jámánì kò ní ẹni tí wọ́n lè kọ ìwé sí. Ibi tí ìlà orí àwòrán ilẹ̀ dé ni ààbò dé.

Ètò náà kò pẹ́ mọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1933, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Ìráàkì ṣèlérí fún League, wọ́n pa àwọn Ásíríà, ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sìn Kristi níbẹ̀, ní ìlú Simele. Jámánì fi League sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kẹsàn-án 1934, Pólándì ní òun ò bá wọn ṣe mọ́ àfi bí gbogbo ayé bá fọwọ́ sí irú ohun tí òun fọwọ́ sí. Ní 1938, Hitler fi ìráhùn àwọn Jámánì tó wà ní Czechoslovakia bojú, ó gba ilẹ̀ wọn nípa àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Munich. Ìyẹn ló ba orúkọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ jù. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ẹ̀yà kékeré, àwọn ìjọba á rò pé ogun ló ń bọ̀.

Bí Ogun Àgbáyé Kejì ṣe parí, wọ́n kó mílíọ̀nù àwọn Jámánì kúrò ní ìlà oòrùn Yúróòpù dípò kí wọ́n dáàbò bò wọ́n níbẹ̀. Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1948 kò ní abala kankan fún ẹ̀yà kékeré. Ìpinnu kan tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn kan náà sọ pé àwọn ò lè dágunlá sí wọn, ṣùgbọ́n pé ó ṣòro láti rí ojútùú kan fún gbogbo ibi. Ọdún 1966 ni gbólóhùn kan ṣoṣo tó padà wọlé, abala 27 àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ti òṣèlú: wọn ò gbọdọ̀ fi àṣà, ẹ̀sìn àti èdè du àwọn tó jẹ́ ara ẹ̀yà kékeré. Ìwé àfikún kan bá a rìn, tó gba ẹnìkan ṣoṣo láyè láti fẹjọ́ ìjọba rẹ̀ sùn, bíi ti Bernheim. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ìjọba tó bá fẹ́ nìkan ló ń fọwọ́ sí i.

Sandra Lovelace lò ó. Ọmọ ẹ̀yà Maliseet ni ní Kánádà, ó fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ ní 1970, òfin sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọkùnrin tó bá fẹ́ obìnrin àjèjì, wọn kì í yọ tirẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó náà tú, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti padà gbé ní Tobique, ilẹ̀ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 1981, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé Kánádà rú abala 27. Ìgbìmọ̀ náà kò ní ọlọ́pàá kankan, ṣùgbọ́n Kánádà tún òfin náà ṣe ní 1985. Ní 2005, Lovelace wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Kánádà.

Nítorí náà, bí ìjọba kan bá ń sọ fún mi pé òun ń dáàbò bo àwọn tí kò pọ̀ níye lábẹ́ òun, ìwé àfikún yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá ó fọwọ́ sí i. Pólándì, tó kọ̀yìn sí Geneva ní 1934, fọwọ́ sí i ní 1991. Britain àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé ìwé síwájú Pólándì ní 1919, kò tíì fọwọ́ sí i.