Ṣé ojú ọ̀run ni àwọn òrìṣà Íjíbítì ti wá, bí fíìmù ṣe wí?

Ìbéèrè: Nínú fíìmù Stargate tó jáde ní 1994, Ra, òrìṣà oòrùn, jẹ́ àjèjì láti ojú òfuurufú tó gbé ara ọmọkùnrin kan wọ̀. Ṣé bí àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìtàn tiwọn ni pé inú Nun, omi ìpilẹ̀ṣẹ̀, ni oòrùn ti yọ jáde. Kò ti ibì kan rin ìrìn àjò wá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú tí Ra ń gùn nínú fíìmù náà ní gbòǹgbò nínú ìgbàgbọ́ wọn. Wọ́n ní Ra a máa tukọ̀ la ojú ọ̀run kọjá lọ́sàn-án. Bílẹ̀ bá ṣú, á bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, á gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí Apep, ejò ńlá, ti lúgọ dè é. Òrìṣà tó ń tukọ̀ lójú ọ̀run! Kò yà mí lẹ́nu pé onífíìmù sọ ọ́ di ọkọ̀ òfuurufú. Inú ìgbàgbọ́ Íjíbítì náà ni wọ́n ti mú àṣíborí àwọn ọmọ ogun Ra: orí ajáko jẹ́ ti òrìṣà Anubis, orí àṣá jẹ́ ti òrìṣà Horus.

Ìbéèrè: Píráḿìdì wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibí yìí ló ń dùn mí. Nínú fíìmù náà, orí píráḿìdì ni ọkọ̀ Ra ń balẹ̀ sí, ọ̀mọ̀wé inú rẹ̀ sì ń jiyàn pé kì í ṣe Fáráò Khufu ló kọ́ èyí tó tóbi jù ní Giza. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ láti ìgbà tí òǹkọ̀wé Erich von Däniken ti kọ ìwé rẹ̀ ní 1968 pé àwọn àjèjì láti òfuurufú ti wá sáyé nígbà ìwáṣẹ̀. Àmọ́ ní 2013, ní Wadi al-Jarf létí Òkun Pupa, wọ́n rí ìwé páápírọ́ọ̀sì, irú èyí tí wọ́n fi koríko etí omi ṣe, tí ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan, Merer, fi ń ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ nígbà ayé Khufu: bí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta láti Tura, níbi tí wọ́n ti ń wà á, lọ sí Giza. Ọmọ Áfíríkà ló ṣiṣẹ́ yìí, orúkọ ọ̀kan nínú wọn sì wà lọ́wọ́ wa. Kí ló dé tí a ó fi gbé iyì wọn fún àjèjì?

Ìbéèrè: Ṣé fíìmù mìíràn wà tó lo Íjíbítì lọ́nà tó yàtọ̀?

Ìdáhùn: Ó wà. Ẹ wo Space Is the Place, ti 1974. Sun Ra, olórin jazz aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Alabama, tó mú orúkọ òrìṣà oòrùn jẹ́, ló kó ipa ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó wọ aṣọ bíi ti Fáráò, ó gbé ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ sí ìlú Oakland ní Amẹ́ríkà, ó sì ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà bá òun lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò ti ní jìyà. Ra ti Stargate ń kó ènìyàn lẹ́rú lọ wa kùsà. Ti Sun Ra ń wá àwọn ọmọ ẹrú kiri kó lè gbà wọ́n là. Owó tí wọ́n fi ṣe é kéré, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ràn jù.