Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ wa ṣe?

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ṣe ní Kubwa, níbí l'Ábújá, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ni àwọn olùwádìí bá gbé fọ́ọ̀mù olójú ewé méje síwájú wọn, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, pé kí wọ́n fún àwọn lẹ́jẹ̀ fún ìwádìí jíìnì. Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí rèé.

Ìbéèrè: Kí ló ń jẹ́ jíìnì?

Ìdáhùn: Ohun tí a jogún lára baba àti ìyá ni, òun ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe ṣiṣẹ́. AA, AS àti SS tí pásítọ̀ àti àlùfáà ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, jíìnì kan péré nìyẹn. A ní tó 20,000.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi jẹ́ èrò rẹpẹtẹ ni wọ́n ń wá?

Ìdáhùn: Jíìnì kan ló ń fa fòníkú-fọ̀ladìde. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń dá a jọ bí ẹni dá èésú, kálukú mú díẹ̀ wá, iyọ̀ àti ìrònú náà á mú tiwọn wá. Èèyàn mẹ́wàá ò lè fi í hàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí 500,000 èèyàn jọ ní Ìlú Ọba. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn o, ẹ̀wù tí wọ́n sì fi ara ẹlòmíì wọ̀n kì í bá wa mu.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò gba ti àwa dúdú rí ni?

Ìdáhùn: Wọ́n gbà á! Nínú iṣẹ́ ìwádìí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fún wọn lẹ́jẹ̀. Títí dòní, YRI ni àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé ń kọ fún wọn: Yorùbá, Ìbàdàn. Ní 2010, wọ́n rí i pé oríṣi jíìnì APOL1 kan tó wọ́pọ̀ lára wa ń gbógun ti àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún irú rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá, kíndìnrín rẹ̀ lè tètè bàjẹ́.

Ìbéèrè: Èrè wo ló wá kàn wá?

Ìdáhùn: Ibi tó ń dùn mí nìyẹn. Ní 2023, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn Casgevy fún fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á yí jíìnì kan padà nínú rẹ̀, wọ́n á dá a padà sára onítọ̀hún. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà, fún ẹnì kan. Lóṣù tó kọjá, wọ́n mú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wá bá mi láti Nyanya. Ó ń fi òwú tẹ apá rẹ̀ níbi tí mo ti fa ẹ̀jẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára tíúbù onídèérí àlùkò tó wà lọ́wọ́ mi. SS ni. Àyẹ̀wò tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó ṣe é fún un.

Ìbéèrè: Wọn ò ní tà á?

Ìdáhùn: Ẹ ò jayò pa bí ẹ̀rù bá ń bà yín. Ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì jí ìsọfúnni nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9 èèyàn ní 23andMe, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń bá èèyàn yẹ jíìnì wò. Nígbà tó di 2025, ilé iṣẹ́ náà gba ilé ẹjọ́ lọ torí gbèsè. Ẹ lè yí páswọ́ọ̀dù padà, ẹ ò lè yí jíìnì padà, ti àwọn ọmọ yín sì wà nínú rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ jíìnì mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ lójú méjèèjì. Torí náà, ẹ bi wọ́n: ibo lẹ máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ mi sí? Ta lẹ máa fún? Bí mo bá yí ọkàn padà ńkọ́? Ṣé ẹ máa sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi? Bí ìdáhùn wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fún wọn. Tí a ò bá sí nínú ìwádìí náà, oògùn tí wọ́n bá tibẹ̀ ṣe ò ní mọ̀ wá.

Ìyá náà ní kí ọmọ wọn kọ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn fọ́ọ̀mù, wọ́n sì padà lọ. Mẹ́ta ni wọ́n rí ìdáhùn sí. Wọ́n ṣì ń dúró de ìkẹrin kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.