Kí ló ń gbé bàálù dé ẹsẹ̀ bàtà 35,000, kí ló sì ń dá a dúró níbẹ̀?

Ìbéèrè: Awakọ̀ bàálù máa ń kéde fún èrò pé ọkọ̀ ti dé ẹsẹ̀ bàtà 35,000. Ta ló yan iye yẹn?

Ìdáhùn: Iye kan ṣoṣo kọ́. Àárín ẹsẹ̀ bàtà 31,000 sí 42,000 ni ọ̀pọ̀ bàálù ńlá ẹlẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ti máa ń rìn. Ibi tí ọkọ̀ ń lọ, bó ṣe wúwo tó, àti àwọn ọkọ̀ mìíràn tó wà lójú ọ̀nà ló ń pinnu èyí tí wọ́n máa mú. Ẹ rántí pé ṣóńṣó Òkè Everest, tó ga jù láyé, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 29,032 lọ.

Ìbéèrè: Kí wá ni wọ́n ń wá lọ sókè tó tóyẹn?

Ìdáhùn: Epo ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tó bá ti na ọwọ́ síta rí lójú fèrèsé mọ́tò tó ń sáré mọ bí atẹ́gùn ṣe ń ti ọwọ́ ọ̀hún sẹ́yìn. Ẹ wá wo bàálù tó ń sá nǹkan bíi kìlómítà 900 láàárín wákàtí kan. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ti ń sá eré yẹn, ìjàkadì pẹ̀lú atẹ́gùn ni ì bá fi epo rẹ̀ ṣe. Ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000, afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ débi pé èyí tó wà níbẹ̀ kò pé ìdá kan nínú mẹ́ta ti etí òkun, ọ̀nà sì là fún ọkọ̀.

Àǹfààní kan tún wà tí mo kà sí ju epo lọ, torí ẹ̀mí ló kàn: òkè ń fún awakọ̀ láyè. Ní oṣù Keje ọdún 1983, epo tán nínú Boeing 767 kan ti iléeṣẹ́ Air Canada nígbà tó wà ní 41,000. Wọ́n ti ṣi epo wọ̀n nílẹ̀, wọ́n fi pọ́n-ùn pe kílógíráàmù. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú. Ọkọ̀ náà ń rábàbà bí àṣá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi balẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kan ní Gimli, ní Kánádà. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ká ní ẹsẹ̀ bàtà 5,000 ló wà ni, kò ní rí ìṣẹ́jú tó pọ̀ tó láti wá ibi tó máa balẹ̀ sí.

Ìbéèrè: Tí òkè bá dára tó báyìí, kí ló dé tí wọn ò túbọ̀ máa gùn ún lọ?

Ìdáhùn: Ibi tó ta kókó gan-an nìyí. Afẹ́fẹ́ tó ń dí bàálù lọ́nà náà ló ń gbé e dúró. Bó ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ní láti sáré sí i kí ìyẹ́ rẹ̀ lè rí nǹkan gùn lé. Eré ọ̀hún sì ní ààlà: tó bá ti sún mọ́ eré tí ìró ń sá jù, afẹ́fẹ́ tó ń gba orí ìyẹ́ kọjá á dàrú, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tí ọkọ̀ bá ga jù, ó máa kan ibi tí eré tó kéré jù tó lè gbé e dúró àti èyí tó pọ̀ jù tó lè fara dà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Ẹ dín in kù díẹ̀, ọkọ̀ fẹ́ já. Ẹ fi díẹ̀ kún un, ó ń gbọ̀n. Igun pósí làwọn awakọ̀ ń pe ibẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìwúwo fi ṣe pàtàkì. Bàálù ńlá tó ń lọ ọ̀nà jíjìn lè gbé epo tó ju 100 tọ́ọ̀nù lọ. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, agbára rẹ̀ lè má kọjá 31,000. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, epo ti jó, ọkọ̀ ti fúyẹ́, awakọ̀ á tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀, á gun 33,000. Tó bá yá, á tún gun 35,000. Èrò tó bá lajú sílẹ̀ lè mọ̀ ọ́n lára: ohùn ẹ́ńjìnnì á ki sí i, imú ọkọ̀ á gbé díẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ gbogbo rẹ̀ á tún rọlẹ̀.

Concorde, bàálù kan tó gbé èrò láti 1976 sí 2003, dé 60,000 o. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì eré ìró ló ń sá kó tó lè dúró níbẹ̀, epo tó ń jẹ kì í sì í ṣe kékeré.

Ìbéèrè: Kí nìdí tó fi ń jẹ́ 35,000 tàbí 36,000, tí kì í jẹ́ 35,400?

Ìdáhùn: Kí wọ́n má baà forí gbárí ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọkọ̀ tó ń lọ sí apá ìlà-oòrùn á mú 33,000, 35,000 tàbí 37,000. Èyí tó ń lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn á mú 34,000, 36,000 tàbí 38,000. Tí wọ́n bá pàdé, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 á wà láàárín wọn. Bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe ń tẹ ẹ̀rọ tó ni ẹ̀rọ fi ń mọ gíga yìí, ojú ọjọ́ sì lè mú kó yẹ̀ díẹ̀ sí ti gidi. Ṣùgbọ́n iye kan náà, hectopascal 1013 (hectopascal ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó), ni gbogbo ọkọ̀ tó wà lókè lọ́hùn-ún ń gbé ẹ̀rọ wọn sí. Bí àṣìṣe bá wà, gbogbo wọn ló jọ ní in, àlàfo àárín wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo lèrò ṣe ń rí afẹ́fẹ́ mí níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ ló ń ti afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀, tí inú rẹ̀ á fi dà bí orí òkè tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 8,000 lọ, nínú Boeing 787 àti Airbus A350, bí 6,000 ni. Ẹ mu omi inú ìgò oníke tán lókè, kí ẹ sì dé e pinpin. Kí ọkọ̀ tó balẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ti ń ki sí i á ti tẹ ìgò náà wọnú bí ẹni pé ẹnì kan fọwọ́ rún un.

Tí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá tú dànù lójijì ní 35,000, kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí ọpọlọ èèyàn á fi dàrú. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé kí òbí kọ́kọ́ fi ìbòmú tirẹ̀ bo imú kó tó fi ti ọmọ bò ó. Ọ́síjìn inú ìbòmú náà kì í pẹ́ tán, ṣùgbọ́n kó tó tán, awakọ̀ á ti sáré sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 10,000, níbi tí kálukú ti lè mí láìsí ìrànlọ́wọ́.