Disc Tó Yọ Lẹ́yìn: Ṣé Dandan Ni Iṣẹ́ Abẹ?

Ìbéèrè: Wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn mi, wọ́n ní disc kan ti yọ. Ṣé iṣẹ́ abẹ ló kù báyìí?

Ìdáhùn: Ó tì o. Disc ni ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, bíi tìmùtìmù. Bó bá yọ, tó sì tẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára (nerve), ìrora lè gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ara fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ èyí tó yọ náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ní 1994, àwọn oníwàdìí ní Amẹ́ríkà fi MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ya ẹ̀yìn ènìyàn 98 tí ẹ̀yìn kò ro. Ó lé ní ìdajì wọn tí disc wọn wú síta, wọn ò sì mọ nǹkan kan. Àwòrán lè fi ohun kan hàn, kó má jẹ́ òun gan-an ló ń dùn yín.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú dùbúlẹ̀ títí á fi lọ?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bó bá le gan-an, ẹ sinmi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ dìde. Ẹ̀yìn tí a kò lò, ńṣe ló ń gan sí i. Rírìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: lónìí, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí òpó iná; lọ́la, ẹ fi díẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ ká eékún sókè kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹ rọra gbé ìdí sókè, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ìrora bá túbọ̀ ń wọ ẹsẹ̀ lọ, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ bá physiotherapist, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara. Ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ní wọn, ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó náà ní wọn. A kì í kàn béèrè ni.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé korobá omi, ẹ lóṣòó, ẹ fà á mọ́ àyà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ dìde. Ìgbálẹ̀ kúkúrú ńkọ́? Ẹ so igi mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Àwọn ará ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n máa mu àgbo.

Ìdáhùn: Òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ojúhò ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Kò kan disc. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn tó ń fi àgbo olọ́tí gbé oògùn ìrora bíi ibuprofen tàbí diclofenac mì ní gáréèjì láràárọ̀. Ó lè dá ọgbẹ́ sínú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Omi gbígbóná nínú ìgò tí a wé aṣọ mọ́, tí a fi ti ẹ̀yìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, sàn jùyẹn lọ fíìfíì.

Ìbéèrè: Ta wá ni iṣẹ́ abẹ wà fún?

Ìdáhùn: Ẹni tí ìrora ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dín kù lẹ́yìn oṣù mélòó kan tó ti ń gba ìtọ́jú lè bá dókítà jíròrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, tí abẹ́ àti àárín itan kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Bó bá jẹ́ lóru ló ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.