Ṣé ètò ìlera ló mú ara wọn le, àbí ara tó le ló gbé wọn débẹ̀?

Lóṣooṣù ni ìwé ìròyìn òṣìṣẹ́ máa ń dé orí tábìlì mi. Iwájú rẹ̀ máa ń sọ ẹni tí wọ́n gbé ga lẹ́nu iṣẹ́ àti ẹni tó fẹ̀yìn tì, àárín rẹ̀ máa ń to àwọn àyè iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀, ìparí sì ni ti ìmọ̀ràn ìlera: ẹ máa mumi, ẹ máa dìde lórí àga, ẹ máa gun àtẹ̀gùn. Mi ò bá èyíkéyìí jà nínú wọn. Gbólóhùn kan tó máa ń wà nísàlẹ̀ wọn ló ń bí mi nínú, mo sì ti rí i débi pé mo lè kà á láìwòwé: àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kópa nínú ètò ìlera yunifásítì wa kì í ṣàìsàn tó àwọn tí kò kópa, ẹ̀rí rèé pé ètò náà ń ṣiṣẹ́.

Rírìn dára. Oorun tó tó dára. Kéèyàn fi sìgá sílẹ̀ dára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èèyàn mí kíkankíkan díẹ̀, kò sì sí ìdí tí a ó fi máa jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń bi ni pé: ṣé ètò tí ọ́fíìsì gbé kalẹ̀ ló mú káwọn èèyàn máa ṣe é? Ìbéèrè méjì ni. Ibi tí wọ́n ti ń da méjèèjì pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú.

Ní ìpàdé òṣìṣẹ́ kan, wọ́n gbé àwòrán kan sára ògiri. Òpó méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú. Èyí tó ga ni iye ọjọ́ tí àwọn tí kò kópa fi gba ìsinmi àìsàn, èyí tó kúrú ni ti àwọn tó kópa. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ka tí mo wà ló ń tọ́jú ìwé orúkọ, nítorí náà, nígbà tí mo padà sídìí tábìlì mi, mo ṣí orúkọ àwọn tó kópa, mo sì ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè wá. Ẹni àkọ́kọ́ ti ń sáré yí pápá po láràárọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ètò ìlera. Ẹnì kejì, kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá síbi iṣẹ́. Ẹnì kẹta kì í mu sìgá, kì í mutí, aago mẹ́wàá alẹ́ kì í bá a lójú. Mo dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kìíní, mi ò tíì rí ẹnì kan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ètò yìí ló yí ìgbé ayé rẹ̀ padà.

Mo wá ń wá àwọn tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ kan wà tó ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tó jẹ́ pé bó bá ti ibẹ̀ dé, ọjọ́ méjì ni kì í lè dìde. Ta ni yóò wà nírú ipò yẹn tí yóò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ìrìn? Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu géètì lóru kò sí níbẹ̀, torí aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe ìdárayá, ìgbà yẹn gan-an ló ń sùn. Ìyá kan tó ń tún àwọn yàrá ìwádìí ṣe kò sí níbẹ̀: orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní kọ̀ǹpútà. Orúnkún kan ti wú mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí bí wọ́n bá gbé korobá dé àgbékà kẹta.

Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó sínú òpó tó ga. Àìsàn ti wà lára olùkọ́ yẹn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, àìsàn náà ni kò jẹ́ kó lè wọlé. Àwòrán ara ògiri wá yí ọ̀rọ̀ náà po, ó ní torí pé kò wọlé ló ṣe ń ṣàìsàn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí, torí òun ni kì í wọ àwọn èèyàn létí. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ títí ó fi sú mi. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní òótọ́ ni, kí n tó gbé ife omi mi wọ́n á tún ní, "Ṣùgbọ́n ṣebí àwọn tó kópa ni ara wọn le?" Bẹ́ẹ̀ ni, ara wọn le. Ara tó le ló gbé wọn débẹ̀. Àkùkọ máa ń kọ, ilẹ̀ a sì mọ́. Bí a bá kọ ọjọ́ tí àkùkọ kọ àti ọjọ́ tí ilẹ̀ mọ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, iye méjèèjì á bára mu rẹ́gí, síbẹ̀ bí a bá dé àkùkọ náà mọ́ inú àgò, ilẹ̀ á mọ́.

Ọ̀nà tó dájú jù láti já ọ̀rọ̀ náà ni kí a má fi yíyàn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí a ṣẹ́ kèké: ẹni tí kèké bá mú, kí a fún un ní ètò náà, ẹni tí kò bá mú, kó dúró. Nígbà náà, elére ìje á wà lápá ọ̀tún, á wà lápá òsì, aláìsàn náà á wà níhà méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ bá wá yọ lẹ́yìn náà, a lè sọ pé ètò ló fà á.

Yunifásítì kan ti ṣe é. Ní Yunifásítì Illinois tó wà ní Urbana-Champaign ní Amẹ́ríkà, Damon Jones, David Molitor àti Julian Reif gbé ètò ìlera òṣìṣẹ́ kan kalẹ̀ ní 2016, wọ́n pè é ní iThrive. Wọ́n kàn sí òṣìṣẹ́ tó lé ní 12,000, àwọn 4,834 sì gbà láti wọ inú ìwádìí náà. Wọ́n ṣẹ́ kèké: 3,300 ni wọ́n gbé ètò náà fún, 1,534 ni wọn kò fún. Àwọn tí wọ́n fún láyè lè lọ ṣe àyẹ̀wò ara, wọ́n á dáhùn ìbéèrè nípa ìlera wọn, wọ́n á sì yan ìdárayá tàbí ẹ̀kọ́ tó bá wù wọ́n. Wọ́n ń fún wọn lówó tí wọ́n bá ṣe é, wọ́n sì ń yọ̀ǹda àkókò fún wọn nínú wákàtí iṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo àwọn 3,300 náà ló lo àǹfààní yẹn o, ibẹ̀ sì ni ìwádìí yìí ti dùn. Ó jẹ́ kí wọ́n lè wọn ọ̀rọ̀ náà lọ́nà méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ṣe bíi ti ìwé ìròyìn wa: nínú àwọn tí wọ́n fún láyè, wọ́n fi àwọn tó kópa wé àwọn tí kò kópa. Àwòrán ara ògiri wa gẹ́lẹ́ ló jáde. Àwọn tó kópa ń lọ sí ilé ìdárayá yunifásítì náà ju àwọn yòókù lọ, àwọn ló pọ̀ jù níbi eré ìje, owó tí wọ́n ń ná sórí ìtọ́jú sì kéré. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi gbogbo àwọn tí kèké mú wé gbogbo àwọn tí kèké kò mú. Gbogbo ìyàtọ̀ yẹn pòórá. Lílọ sí ilé ìdárayá, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é tọ́ka sí. Eré ìje, kò sí. Owó ìtọ́jú, kò sí. Ọjọ́ tí wọn kò wá síbi iṣẹ́, kò sí. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àkọsílẹ̀ ìgbà tí ètò kò tíì bẹ̀rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé owó ìtọ́jú àwọn tó padà wá kópa ti kéré ju ti àwọn yòókù lọ láti ìgbà náà.

Ẹ tún èyí tó kẹ́yìn yẹn kà. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìdárayá kan, òpó kúkúrú ti kúrú.

Ohun tí ètò náà yí padà wà, mi ò ní fi pamọ́. Àwọn tí wọ́n gbé e fún lọ ṣe àyẹ̀wò ara ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì gbà pé ọ̀gá wọn ka ìlera wọn sí. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tó ní dókítà tí wọ́n ń lọ rí déédéé pọ̀ sí i láàárín wọn. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó wà nínú gbólóhùn ìwé ìròyìn wa.

Ẹnì kan á béèrè pé níbo wá ni ìgbàgbọ́ pé ètò wọ̀nyí ń dín ìnáwó kù ti wá. Ní 2010, Katherine Baicker, David Cutler àti Zirui Song kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n ní dọ́là kan tí ilé-iṣẹ́ bá ná sórí ètò ìlera máa ń dín owó ìtọ́jú kù ní nǹkan bíi dọ́là 3.27, ó sì ń dín àdánù àìwá síbi iṣẹ́ kù ní nǹkan bíi dọ́là 2.73. Iye yẹn gba ìlú kan. Èyí tí mo gbé ọ̀wọ̀ fún ni ohun tí Song àti Baicker fúnra wọn ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n lọ ṣẹ́ kèké láàárín ibi iṣẹ́ 160 tó jẹ́ ti ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí òṣìṣẹ́ tó sún mọ́ 33,000 wà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn tí ètò dé ọ̀dọ̀ wọn ń sọ pé àwọn ń ṣe ìdárayá sí i, àwọn sì ń ṣọ́ bí àwọn ṣe ń sanra. Nígbà tí wọ́n wọn ìwúwo wọn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ọjọ́ tí wọn kò wá síṣẹ́ àti owó ìtọ́jú wọn, wọn kò yàtọ̀ sí àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1953, Jerry Morris, dókítà kan tó ń ṣèwádìí àrùn, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé àrùn ọkàn ń ṣe àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú London ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Awakọ̀ jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gun òkè nínú bọ́ọ̀sì alágbékà méjì. Gbogbo ayé ní ìjókòó ló ń pa wọ́n. Morris kò jókòó lé èsì tirẹ̀. Ní 1956, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán fún àwọn ọkùnrin náà, wọ́n rí i pé ìbàdí awakọ̀ ti fẹ̀ ju ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, títí kan àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré jù. Ó ṣeé ṣe kí ara wọn ti yàtọ̀ síra kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì rárá. Ìyẹn kò sọ pé ìjókòó ò burú. Ó kàn sọ pé ìjókòó nìkan kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin yìí lọ wá ẹ̀rí tó lè ta ko òun fúnra rẹ̀ lọ sínú ìwé télọ̀. Àwa, ìwé ìsinmi àìsàn ọdún tó ṣáájú ètò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, a ò ṣí i.

Mi ò lè tìtorí èyí sọ pé kò sí ètò ìlera kankan tó wúlò. Ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ pípẹ́ lára èèyàn, ètò tó sì ń ran ẹni tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdíje ìrìn. Bí o bá kópa tí o sì rí i pé oorun rẹ dára sí i, má fi sílẹ̀ nítorí tèmi. Ohun tó jọ pé ó dájú ni pé òpó méjì ara ògiri kò lè sọ fún wa bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Bí ìpolówó iṣẹ́ yunifásítì bá ń fi ètò ìlera rẹ̀ yangàn, ẹ béèrè iye ọjọ́ ìsinmi àìsàn tí wọ́n ń fúnni, àti wákàtí tí wọ́n ń ṣe ètò náà. Àwọn olùwádìí Illinois fúnra wọn sọ pé irú ètò báyìí lè wu àwọn tí ara wọn le láti wá síbi iṣẹ́ kan kí wọ́n sì dúró síbẹ̀. Owó tí ọ̀gá ń ná sórí ìtọ́jú á dín kù, ara ẹnikẹ́ni ò sì ní yá jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èkejì: bí wọ́n bá so ẹ̀bùn tàbí owó ìtanràn mọ́ ìwúwo tàbí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni yóò san án. Kẹ́ ẹ tó kọ ìdáhùn sínú fọ́ọ̀mù ìbéèrè ìlera, ẹ bi wọ́n ta ni yóò máa kà á.

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn náà pé kí wọ́n ṣí ìwé ọdún tó ṣáájú, kí wọ́n ka ọjọ́ ìsinmi àwọn tó kópa kí ètò tó dé. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá ìyá tó ń tún yàrá ìwádìí ṣe, mo bi wọ́n pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ètò ìlera fún wọn, kí ni wọ́n fẹ́ kó wà níbẹ̀. Wọ́n gbé korobá kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan orúnkún wọn. "Ọmọ mi, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n tún ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè ṣe." Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti bàjẹ́. Wọ́n ti lẹ ìwé ìmọ̀ràn ìlera mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀: ẹ máa gun àtẹ̀gùn.