Ẹni méjì tó ń kó ọjà wá, ṣé ibì kan náà kọ́ ni wọ́n ti ń gbé e?

Tí iléeṣẹ́ kan bá ti ní ẹni méjì tó ń kó ọjà wá fún un, wọ́n á ní ó bùṣe, tí ọ̀kan ò bá rí i gbé wá èkejì á gbé e wá. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí èèyàn nínú torí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìyá alákàrà tó ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyá méjì lọ́jà, kò mọ̀ pé tírélà kan ṣoṣo láti Kánò ló ń já a fún àwọn méjèèjì, ọjọ́ tí tírélà yẹn bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ìsọ̀ méjèèjì á gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Kódà ká ní ẹ̀wà wà, ẹ̀rọ ìlọta kan ló wà ládùúgbò, tí bẹ́líìtì ẹ̀ bá já, gbogbo alákàrà òpópónà yẹn ló máa káwọ́ gbera, títí kan ẹni tó kó ẹ̀wà àpò mẹ́wàá sílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ń ṣe mọ́tò nìyẹn nígbà tí ilẹ̀ mì ní Japan lóṣù kẹta ọdún 2011. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà mọ́tò pọ̀, àmọ́ ìyẹ̀fun Xirallic tó ń mú kí ọ̀dà máa dán, iléeṣẹ́ Merck kan ṣoṣo ní Onahama ní Japan níbẹ̀ ló ń ṣe é ní gbogbo ayé nígbà náà, ibẹ̀ sì tì. Ford ní káwọn tó ń bá a ta mọ́tò má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tó bá fẹ́ irú ọ̀dà dúdú kan mọ́. Ẹ́ńjìnnì wà, táyà wà, àwọ̀ ni ò sí.

Toyota wá ṣe àkọsílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, RESCUE lorúkọ ẹ̀, ohun tí kálukú àwọn tó ń kó ọjà wá fún un ń ṣe, ibi tó ti ń ṣe é, àti ẹni tóun náà ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló le níbẹ̀ o, alágbàtà wo ló fẹ́ kí oníbàárà mọ ibi tó ti ń rajà? Ẹ̀rù máa ń bà á pé wọ́n á gba ẹ̀yìn òun lọ bá ẹni tó ni ọjà.

Ṣípù, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń ṣiṣẹ́ bí ọpọlọ nínú mọ́tò, wà lára ohun tí wọ́n rí pé tó bá wọ́n, kì í tètè dé, wọ́n bá ní káwọn tó ń kó o wá máa tọ́jú ti oṣù 2 sí 6 pamọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí Toyota lè mí díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 nígbà tí ṣípù wọ́n káàkiri ayé. Wọn ò kó gbogbo nǹkan pamọ́, ọgbọ́n ẹ̀ nìyẹn, owó tó máa kú sílẹ̀ ì bá pọ̀ jù.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà náà ti di ọ̀kan lára ohun tó lè já. Ní March 1, 2022, ilé iṣẹ́ 14 ni Toyota tì ní Japan, ilẹ̀ ò mì o, àwọn jàǹdùkú orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wọ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ Kojima tó ń ṣe nǹkan oníke fún wọn, bí ọ̀rọ̀ ò ṣe lè kọjá láàárín àwọn méjèèjì mọ́, iṣẹ́ dúró.